Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tò Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá Àgbà kékeré,

Ọmọ mi, mo kí ọ kú òtútù òkè òkun, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú. Bí o bá ń bèèrè mi, ara mi le, àyàfi etí mi ọ̀tún tó ti pinnu pé òun ò dá sí ọ̀rọ̀ aráyé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Bí o bá pè mí lórí fóònù, ìwọ á pariwo, èmi náà á pariwo, gbogbo ojúlé tó yí wa ká á wá mọ ohun tí à ń sọ, àfi èmi nìkan.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Kóòtù náà dára, bàtà náà sì bá ẹsẹ̀ mi mu. Ọwọ́ tí o fi ń fúnni kò ní gbẹ. Ohun tí mo tún fẹ́ kí o bá mi wá ni gíláàsì kékeré tí mo máa ń há sójú kan bí mo bá ń tún aago ṣe. Tèmi já bọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó là sí méjì. Òótọ́ ni pé fóònù ni àwọn èèyàn fi ń mọ aago báyìí, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tó ṣì ń wọ aago sọ́wọ́, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ń gbé e wá, mi ò sì lè máa fi ojú lásán wá nǹkan tó kéré ju ihò abẹ́rẹ́ lọ.

Àdúgbò ò dùn. Ilé-iṣẹ́ ahunṣọ tó wà nísàlẹ̀ òpópó ti kógbá wọlé. Ìdajì àwọn tí a máa ń rí láràárọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ló ti ń jókòó sílé báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ṣí yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ ń kó ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, ọṣẹ àti bàtà iléèwé síbẹ̀, pé kí ìdílé tí nǹkan ò rọgbọ fún máa wá gbà á ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni pásítọ̀ kéde rẹ̀. Sátidé méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ebi wà, oúnjẹ wà, àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn láti òdìkejì títì. Mo ti ń bá wọn dá sí i ní ọ̀nà tèmi.

Má gbàgbé gíláàsì náà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún méjèèjì ni mo fi kúnlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ tó bá wà lórí ìdúró ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Àbúrò yín, Àǹtí Olùkọ́, pè mí. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi ní, "Ṣé o ti pa bàbá rẹ tì ni?" Mo ní pa wọ́n tì báwo? Wọ́n ní àwọn fi ojú ara àwọn rí yín lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sátidé, tẹ̀yin ti àpò ọjà lọ́wọ́, tí ẹ tò síwájú gbogbo èèyàn, tí ẹ ń dúró kí wọ́n wá bu ìrẹsì fún yín. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní kóòtù tí mo rà fún yín ló wà lọ́rùn yín.

Bàbá mi, kí ni mo ṣe fún yín? Nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́fà là ń ká aṣọ ibùsùn gbogbo aláìsàn. Orí ìdúró la ń wà láti àárọ̀, ooru ẹ̀rọ á máa ta wá lójú, ọṣẹ ti jẹ ìka mi débi pé bọ́tìnì aṣọ ara mi ń ṣòro dì. Mi ò ráhùn sí yín rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí bàbá mi bá ti jẹun, tí wọ́n rí aṣọ wọ̀, tí òjò ò jò lé wọn lórí, ó parí. Kí lẹ wá ń wá lórí ìlà àwọn aláìní? Ṣé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ ò tó ni? Ẹ sọ. Àbí ẹnì kan ló ń gbà á lọ́wọ́ yín? Ẹ sọ ìyẹn náà. Àbí ẹ ti ń gbàgbé nǹkan? Ẹ má bínú pé mo bèèrè.

Nígbà tí màmá mi kú, tí aládùúgbò gbé oúnjẹ wá, ẹ̀yin lẹ dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹ ní ilé oníaago kì í tẹ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ dákun, ẹ má tò síbẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá gbọ́ pé ẹ ti ṣíwọ́, màá kọ̀wé sí pásítọ̀ fúnra mi.

Gíláàsì yín wà nínú páálí kékeré tó bá lẹ́tà yìí wá. Mo fi òwú wé e.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ìyá Àgbà kékeré,

Lẹ́tà rẹ dé. Dìde lórí ìkúnlẹ̀, wá ibì kan jókòó sí.

Èmi ni mo bí ọ. Mo kọ ọ́ síbí kí àwa méjèèjì lè jọ máa rántí. Bí àgbàlagbà bá ń ṣe ohun tí kò yé ọmọ, ọmọ á bèèrè, á sì dúró gbọ́ èsì. Ìwọ bèèrè, o dáhùn, o dá ẹjọ́, o sì ti fẹ́ máa ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá kí n tó rí kálámù mú. Mi ò gbàgbé nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ wà nílé mi débi pé àwọn eku ibẹ̀ ń sanra.

Ìdí tí mo fi ń tò síbẹ̀, mi ò ní sọ fún ọ. Bí mo bá sọ fún ọ, wàá fi dá àǹtí rẹ lóhùn. Bí àǹtí rẹ bá sì gbọ́, afẹ́fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan, ẹlòmíràn tí ojú ń tì wà nínú rẹ̀. Gbà pé orí bàbá rẹ ò tíì dà rú, kí o fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Gíláàsì tí o rà tóbi ju ihò ojú mi lọ. Lánàá ó já bọ́ sínú tíì mi. Wá èyí tó kéré sí i.

Má kọ̀wé sí pásítọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, mi ò rí èsì kankan. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e, ẹ ní, "Ta nìyẹn?", ẹ dúró díẹ̀, ẹ sì pa á. Àǹtí Olùkọ́ tún ti pè. Wọ́n ní ìlà náà ti gùn dé ẹnu geeti báyìí, ẹ̀yin náà lẹ ṣì wà níwájú, pé ẹ tiẹ̀ ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá.

Mo ti kọ̀wé sí pásítọ̀. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé àwọn tó ń gba ìrànlọ́wọ́. Mo ní ilé wa kì í ṣe ilé àwọn tí ń tẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fi oúnjẹ náà sílẹ̀ fún àwọn tó ti gbà pé apá àwọn ò ká ìdílé àwọn mọ́.

Mo gbàdúrà kí n tó kọ ọ́. Bí ẹ bá máa bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sínú lẹ́tà, kí n ṣáà rí nǹkan kà.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin

Mo kí ọ. Ìkíni náà nìyẹn.

Lẹ́tà tèmi àti tìrẹ pàdé lójú ọ̀nà, wọn ò kí ara wọn. Lọ́jọ́ tí ò ń kọ tìrẹ, èyí tí mo fi ní kí o má kọ ọ́ ṣì wà nínú àpò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan.

Ìwọ mọ pásítọ̀ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ wàhálà. Ó gbé lẹ́tà rẹ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Akọ̀wé ìjọ kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ooru mú wọn, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti kárí òpópó pé ọmọ Oníaago tó wà lókè òkun ní alátẹ́wọ́ ni gbogbo àwọn tó ń gba oúnjẹ, pé apá wọn ò ká ìdílé wọn.

Ní Sátidé mo débẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Pásítọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má tò lónìí, a ti yọ orúkọ yín." Mo lọ dúró sí òdìkejì. Aago mẹ́jọ lù. Aago mẹ́sàn-án lù. Ìdílé mẹ́tàlélógún ló ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ò wá. Ìrẹsì tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá wà lórí tábìlì, pásítọ̀ ń wò ó bí olùkọ́ tó gbàgbé pé ọlidé ni.

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ fún ọ nísinsìnyí, torí ìtìjú tí mò ń bò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò ti wà lórí rẹ̀.

Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé kejì tí wọ́n ṣí yàrá yẹn, mo rí ìyàwó bíríkìlà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́, orí ẹní ló wà láti ìgbà náà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Obìnrin náà ká àpò òfìfo, ó há a sábíyá bí ìwé orin. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà náà bí ẹni tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà náà ò lókùn. Ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó kọrí sílé. Nínú yàrá, pásítọ̀ àti obìnrin tó ń wọn ìrẹsì jókòó, wọ́n ń retí ẹni tó máa wọlé.

Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn rò ó. Ó rọrùn láti fúnni. Láti gbà ló le. Pétérù fúnra rẹ̀, nígbà tí Olúwa gbé omi wá láti wẹ ẹsẹ̀ fún un, kọ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀. Mo wá rí i pé ìrẹsì ò wọ́n níbẹ̀, ẹni tó máa kọ́kọ́ tò ló wọ́n. Nígbà tí Sátidé tún pé, mo wọ kóòtù tí o rà, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kì í ṣe aṣọ ni mi ò ní. Mo gbé àpò, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ń kọjá, mo ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dúró, ojú ń ti èmi nìkan."

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà?"

Mo ní, "Èmi náà."

Ó wá dúró sẹ́yìn mi. Ohun tí mo ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ìdílé mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n bá bù fún mi, màá gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọlé padà, màá dà á padà sínú àgbá ìrẹsì wọn. Obìnrin tó ń wọn ìrẹsì mọ̀. Pásítọ̀ ò mọ̀, torí pásítọ̀ ò lè pa irọ́ mọ́ra, ì báà jẹ́ irọ́ oore.

Mo ti lọ sílé bíríkìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìyàwó rẹ̀ ti ń dá mi lóhùn. "Ẹ ṣeun, Bàbá. A ti jẹun." Àkọ́bí wọn obìnrin, tó ti padà síléèwé nítorí bàtà tí ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ti tún jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ nu bàtà náà, ó fi bébà wé e dáadáa, ó gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo bá a níbẹ̀.

Lẹ́tà tí o kọ dára gan-an. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ìwọ tí o mọ̀wé kọ, kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo tún ti kúnlẹ̀. Mẹ́ta ni mo ti kọ tí mo ya kí èyí tó jáde.

Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná yín. Ẹ kàn kọ pé, "Ọmọ mi, obìnrin kan wà tí ojú ń tì, mò ń bá a tò ni." Ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti àṣírí yín, bí ìgbà tí ẹ bá tú aago ká sórí tábìlì, tí ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí i. Ẹ ní màá sọ fún Àǹtí. Bóyá ni mi ò ní sọ ọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀ èmi ni mo ni ẹ̀bi, ẹ̀yin kàn fi díẹ̀ kún un.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín. Ọdún tí mo dé ìhín, iṣẹ́ tí ẹni tó mú mi wá ṣèlérí kò sí níbì kankan. Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín pé mo ti ń ṣiṣẹ́, pé mò ń jẹun yó, irọ́ ni. Oṣù márùn-ún gbáko, ṣọ́ọ̀ṣì kan ló bọ́ mi. Kì í ṣe èyí tó wà ládùúgbò mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, màá kọjá afárá méjì, kí ojúlùmọ̀ kankan má bàa rí mi. Yàrá kan ni, nísàlẹ̀ ilé, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kí ẹ tó débẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yí ilé náà po títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Arúgbó obìnrin kan tí ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti já ló ń pín oúnjẹ. Kò bèèrè orúkọ mi. Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè ni pé, "Ẹ̀yin mélòó ni nílé?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó fún mi ní ti ẹni méjì. Ó ní ẹni tó bá dá wà ni ebi máa ń pa jù.

Sátidé kan, mo gbójú sókè, mo rí obìnrin kan níwájú mi, èèyàn wa, ọmọ ìjọ tí mò ń lọ. Òun náà yíjú, ó rí mi. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó ní ọjọ́ ìsinmi, a ò mẹ́nu bà á rí.

Ẹni tó kọ̀wé sí pásítọ̀ yín nìyẹn. Nígbà tí Àǹtí ní àwọn rí yín lórí ìlà, ara mi ni mo rí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti mú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí mo kọ yẹn, mi ò mọ ìyàwó bíríkìlà débi tí màá fi sọ ọ́ sí i. Èmi ni mò ń na ara mi, pàṣán náà ló lọ ba ẹlòmíràn.

Ẹ mú lẹ́tà yìí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ kà á fún un. Fún òun nìkan. Ẹ rọra kà á, Bàbá mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ fún un pé ọmọ Oníaago jẹ nínú irú oúnjẹ yìí, ó yó, kò sì kú. Ẹnu rẹ̀ ló kàn gùn lẹ́yìn náà.

Mo ti kọ òmíràn sí pásítọ̀. Mo tọrọ àforíjì. Mo sì ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè pa ìwé orúkọ yẹn tì. Níbi tí mo ti gbà á, wọn ò kọ orúkọ mi sílẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Ìyá Àgbà kékeré,

Oṣù márùn-ún.

Mo jókòó sórí àpótí iṣẹ́ mi, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n wá wọkọ̀ òfuurufú wá nà ọ́. Ọdún yẹn gan-an ni mo jáde síwájú ìjọ, tí mo dúpẹ́ pé ọmọ mi ti rí iṣẹ́ gidi. Wọ́n kọrin fún mi. Ọlọ́run gbọ́ ọpẹ́ yẹn, ó mọ ibi tí ò ń gbé, ó sì dákẹ́. Bóyá ìgbà yẹn gan-an ló ń rán arúgbó yẹn sí ọ. Ọlọ́run ni mo fẹ́ bi ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

O ní kí n rọra kà á. Mo gbìyànjú, ìwọ náà mọ etí mi. Ìyàwó bíríkìlà ò ṣílẹ̀kùn, mo bá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, mo tẹ́ lẹ́tà, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ń yí ilé po, mo gbójú sókè, gbogbo ojúlé ti yọrí síta. Ẹnì kan ti gbé àga jáde. Mi ò lè dáwọ́ dúró mọ́, wọ́n á rò pé apá ibi tó burú jù ni mò ń fò. Ibi tí arúgbó ti fún ọ ní ti ẹni méjì ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ìyàwó bíríkìlà ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wọlé wá kà á. Ẹ ti tú ọmọ yín síhòòhò lójú títì."

Mo wọlé. Ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó ní kí n tún ibi tí ẹ ti ń wo àjà kà. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìdí mú pé ó ń dun òun. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ní wọn ò kọ orúkọ rẹ̀?" Mo ní wọn ò kọ ọ́. Ó ní, "Ìwé yẹn ni, Bàbá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i, tí mo máa rí orúkọ ọkọ mi níbẹ̀, tí wọ́n fàlà sí i nídìí. Ọkọ mi mọ ìdajì ilé tó wà lópòópó yìí. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìkankan nínú wọn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá pásítọ̀. Lẹ́tà rẹ kejì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti ilẹ̀kùn kó tó kà á. Ó mú ìwé orúkọ náà jáde, a ya á, a sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé ìjọ bínú. Ó ń bínú títí di òní.

Wàyí o, fọkàn balẹ̀ gbọ́ èyí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, pé kí n tún tò síwájú. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Àǹtí rẹ ni. Ó dé fìlà tó fi máa ń lọ sípàdé àwọn olùkọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Mo ní, "Ta lo wá mú?" Kò wò mí. Ó ṣí báàgì náà, ó fa àpò òfìfo kan yọ níbẹ̀, ó ní, "Oṣù keje rèé tí wọn ò tíì san owó ìfẹ̀yìntì wa."

Ṣé o rò pé èmi ló ń ṣọ́ ní gbogbo Sátidé tó fi ń rí mi? Láti ìpẹ̀kun ìlú ló ti ń rìn wá, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà yẹn, á padà. Mo wà níwájú ìlà, mò ń juwọ́ sí títì, mi ò rí i. Èmi tí mo mọ iye ìgbà tí ìyàwó bíríkìlà yí padà, ọmọ ìyá mi ń kọjá níwájú mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Kí ẹ lè kọ̀wé sí ọmọ yín?"

Ìdílé wo la tiẹ̀ jẹ́ yìí? Ọmọ ń purọ́ pé òun yó, àbúrò ń purọ́ pé òun yó, èmi tí mo yó ń purọ́ pé ebi ń pa mí.

Nígbà tó yá, ìyàwó bíríkìlà dé. Àǹtí rẹ ní kó máa lọ níwájú. Ó ní, "Rárá, Ma, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé." Àǹtí rẹ ní ọmọ mẹ́ta ló ní, òun dá wà ni. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí obìnrin tó ń wọn ìrẹsì fi ní kí wọ́n jọ wọlé, ilẹ̀kùn náà fẹ̀. Kí n tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ti tò dé ìdí igi inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò tíì padà tán, àwọn kan ṣì ń bínú sí ọ, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo rí àkọ́bí bíríkìlà tó ń sáré lọ síléèwé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ní àṣẹ kan fún ọ, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Láti òní lọ, kí o tó kí mi nínú lẹ́tà, kọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ lọ́jọ́ náà. Má kọ èyí tí o rò pé mo fẹ́ gbọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí o kọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Ẹ̀wà. Ó jóná nídìí. Mo fi búrẹ́dì àná jẹ ẹ́, àlùbọ́sà ti tán.

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ẹ rọra kà á. Èèyàn mẹ́rin ló ti pè mí látilé. Ọ̀kan sunkún sí mi létí, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́. Ìyàwó bíríkìlà náà yá fóònù pè, ó ní òun ti dárí jì mí, pé ṣùgbọ́n bí mo bá tún fẹ́ kọ irú rẹ̀, kí n kọ ọ́ sí òun tààrà, torí ẹ máa ń fo ìlà. Mo bínú sí yín láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, iṣẹ́ wá pọ̀, mo pa á tì.

Àǹtí Olùkọ́ pè lánàá. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbáwí. Wọn ò bèèrè yín, wọn ò bèèrè iṣẹ́, wọn ò bèèrè ìgbà tí mo máa wálé. Wọ́n kàn ní, "Òkúta wà nínú ìrẹsì wọn."

Mo ní, "Ẹ ṣà á, Àǹtí."

Wọ́n ní, "Mò ń ṣà á."

Wọn ò pa fóònù, èmi náà ò pa á. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mò ń gbọ́ bí àwọn òkúta náà ṣe ń bọ́ sínú àwo, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yín.